Àpilẹ̀kọ Àkọtà: Ìtàn Òwò Tó Bá Fásitì Dàgbà

Àpilẹ̀kọ àkọtà ni iṣẹ́ ìwádìí tí ẹlòmíràn kọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ fowó rà, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí kí ó tó kó o fún olùkọ́. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èkíní ti wà nílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Wọ́n lè ti tà á fún ẹni mẹ́wàá rí, wọn yóò sì tún tà á fún ẹni kọkànlá. Èkejì ni èyí tí òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kọ fún ẹnì kan ṣoṣo, lórí àkòrí tí onítọ̀hún mú wá, owó rẹ̀ sì máa ń ga ju ti èkíní lọ dáadáa. Àwọn mìíràn kì í ra odindi. Apá kan ni wọ́n ń wá, ó sì sábà máa ń jẹ́ àyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Apá yẹn ń gba àkókò, ìwé kíkà rẹ̀ pọ̀, kò sì so mọ́ yàrá ìwádìí tàbí abúlé kan pàtó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ lè bá ẹlòmíràn kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí òwò yìí. Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti wà lọ́jà gbangba kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àwọn fásitì ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, pàápàá ní Jámánì àti Swídìn, ọ̀jọ̀gbọ́n ló sábà máa ń kọ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gboyè. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó dìde níwájú àwọn àgbà, kí ó fi èdè Látìnì gbèjà ohun tó wà nínú ìwé náà, kí ó dáhùn ìbéèrè, kí ó sì san owó ìtẹ̀wé. Orúkọ àwọn méjèèjì ló máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́: ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wá dáhùn. Carl Linnaeus, ẹni tó fi orúkọ onípele méjì fún ewéko àti ẹranko lélẹ̀ fún gbogbo ayé, ni alága fún àpilẹ̀kọ 186 ní Fásitì Uppsala láàárín 1743 àti 1776. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tàbí kí ó máa sọ ọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún kó wọn jọ tẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé Amoenitates Academicae. Wọn kò kà á sí ẹ̀tàn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìwé kàn jẹ́ ohun tí wọ́n jọ ń jiyàn lé lórí ni.

Nǹkan yí padà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fásitì Berlin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1810, wà lára àwọn tó mú un gbilẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹrù ṣe kúrò lórí ẹnu bọ́ sórí ìwé nìyẹn. Àwọn fásitì kan tilẹ̀ ń fúnni lóyè láìrí ojú ẹni tó gbà á. Karl Marx fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwọn onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ránṣẹ́ sí Fásitì Jena, oyè ọ̀mọ̀wé sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1841 láìjẹ́ pé ó yọjú sí ìdánwò kankan níbẹ̀. Marx ló kọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún olóòótọ́, kò sí ohun tó tì í mọ́ ẹlòmíràn. Ní 1876, Theodor Mommsen, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìtàn Róòmù, gbé àròkọ gbígbóná kan jáde láti bu ẹnu àtẹ́ lu irú oyè bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ọ̀mọ̀wé ló pe àwọn tó ń gbà á. Ariwo rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn fásitì Jámánì pa àṣà náà tì.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà Jámánì lò. Yale fún ẹni mẹ́ta ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1861, àwọn ni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Àmọ́ àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà kò fi ìwádìí mọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní kí àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ pàápàá máa kọ iṣẹ́ ìwádìí kékeré ní ìparí sáà, tí yóò ní àlàyé ìsàlẹ̀ ewé àti ìwé ìtọ́kasí. Ìpinnu yìí dára, èèyàn sì lè bù sáárá fún ẹni tó kọ́kọ́ rò ó, nítorí ẹni tó bá wádìí ọ̀rọ̀ kan jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbọ́ ìròyìn lásán mọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ iṣẹ́ kíkọ di ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nílò lọ́jọ́ kan náà, lórí àkòrí tó jọra, lọ́dọọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Nínú ilé àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin, dúrọ́ọ̀ kan máa ń wà tí wọ́n ń to iṣẹ́ àwọn tó ti jáde sí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí sáà bá ká mọ́ yóò fa ọ̀kan yọ, yóò tún un tẹ̀, yóò sì fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò. Àwọn kan sì wà nígboro tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé gbowó, ní kọ̀rọ̀, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ohun mẹ́ta ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Àkọ́kọ́ ni iye èèyàn: akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 ní 1959, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 8.5 ní 1970. Kíláàsì tí olùkọ́ ti mọ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ di gbọ̀ngàn tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn ń jókòó sí. Èkejì ni ogun Vietnam. Wíwà nílé ẹ̀kọ́ ń dá ọ̀dọ́mọkùnrin sí kúrò lọ́wọ́ ìfipá-múni sójú ogun, nítorí náà, fífìdí rẹmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan mọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ. Xerox gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 914 jáde ní 1959, èyí tí ẹnikẹ́ni lè tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kí ẹ̀dà ìwé sì jáde sórí bébà lásán. Kí ó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ta iṣẹ́ kan náà fún ẹni ogún gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí tàìpùráítà léraléra. Lẹ́yìn tó dé, bébà nìkan ló ń ná an.

Boston ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ́. Ìlú náà àti àyíká rẹ̀ kún fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìkàwé ńlá wà níbẹ̀, àwọn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tí wọn kò rí iṣẹ́ olùkọ́ sì ń pọ̀ sí i, nítorí pé àyè iṣẹ́ ní fásitì bẹ̀rẹ̀ sí í há ní nǹkan bí 1970. Ní 1971, Termpapers Unlimited ti ṣí ilẹ̀kùn ní Boston bí ilé ìtajà mìíràn, ó ń polówó nínú ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń ní ẹ̀ka ní ìlú mìíràn. Àwọn tó ń bá a figa gbága jáde lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là méjì fún ojú ewé kan. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọgbọ́n òwò náà wà ni pé iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún kì í kúrò ní ilé ìtajà. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ fún un tán, ẹ̀dà rẹ̀ wọ inú àpótí, ó di ọjà tí wọn yóò máa tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni àkọ́kọ́ ló san owó òǹkọ̀wé. Gbogbo ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ èrè. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tajà nípasẹ̀ pósítì, bí Research Assistance ní Los Angeles tó ń polówó nínú àwọn ìwé ìròyìn tí ọ̀dọ́ ń kà, tẹ ìwé àkójọ ọjà tí ó nípọn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́yìn náà àkòrí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ohun tó dá lé, iye ojú ewé, iye àlàyé ìsàlẹ̀ ewé, àti iye ìwé ìtọ́kasí. Ẹni tí olùkọ́ ní kí ó kọ ewé mẹ́wàá lórí Hamlet, kí ìtọ́kasí rẹ̀ má dín ní márùn-ún, yóò fi ìka tọ ìlà títí yóò fi kan èyí tó bá a mu, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, yóò sì fi owó ránṣẹ́. Iye àlàyé ìsàlẹ̀ ewé ni wọ́n ń tà. Bóyá ohun tó wà lókè wọn jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé náà kò sọ ọ́.

Àwọn fásitì kọ́kọ́ dàrú. Ní 1972, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Fásitì Wisconsin ní Madison, lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ oníṣòwò kan tẹ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́: fásitì dá èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó nǹkan bí 600 dúró títí wọn yóò fi wádìí bóyá wọ́n ra iṣẹ́. Lọ́dún kan náà, Louis Lefkowitz, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, gbé oníṣòwò kan lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ títa iṣẹ́ náà dúró, nítorí pé ó ń ran jìbìtì lọ́wọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ International Term Papers ti Boston ló mú ìbéèrè tó le jù wá. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fẹ́ dá lẹ́tà tó ń bọ̀ wá fún wọn dúró lábẹ́ òfin tó kan fífi irọ́ gbowó nípasẹ̀ pósítì. Àmọ́ ta ni wọ́n purọ́ fún? Akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó gba ohun tó sanwó fún láìkù síbì kan. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ kọ̀ fún ìjọba, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Boston yí ìdájọ́ náà padà ní 1973: irọ́ tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ pa fún fásitì tó láti jẹ́ irọ́, kódà bí owó kò bá ti ọwọ́ fásitì jáde. New York, Massachusetts àti California ṣe òfin tó sọ pé títa iṣẹ́ ìwádìí fún ẹni tí yóò fi gba máàkì lòdì.

Òwò náà kò kú. Ó kàn kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú òfin ni. Àwọn oníṣòwò ní kí oníbàárà fọwọ́ síwèé pé kò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára ọjà pé fún ìrànwọ́ ìwádìí nìkan ni. Òfin tó béèrè pé kí agbẹjọ́rò ìjọba fi hàn pé olùtajà mọ ohun tí òǹrajà fẹ́ lò ó fún fi àlàfo sílẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló sì ń kún un láti ọdún àádọ́ta sẹ́yìn.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ìwé àkójọ ọjà kàn bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ni. Ní 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá ojúlé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SchoolSucks sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìpolówó ni ó fi ń rí owó. Ní 1997, Fásitì Boston pe oníṣòwò mẹ́jọ tí wọ́n ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹjọ́ lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe láti fi bá ẹgbẹ́ ọ̀daràn jà. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù ní 1998. Ní àkókò kan náà, ní Fásitì California ní Berkeley, John Barrie ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wé ti ẹlòmíràn láti rí ibi tí wọ́n ti bára mu. Láti ibẹ̀ ni Turnitin ti jáde, èyí tí àwọn fásitì káàkiri ayé ń sanwó fún lónìí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Advance fẹ́ rà á ní 2019, bílíọ̀nù kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin dọ́là ni wọ́n dá lé e.

Turnitin pa ọjà kan, ó sì sọ èkejì di ńlá. Níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, iṣẹ́ tí wọ́n ti tà fún ẹni mẹ́wàá kò ṣeé tà fún ẹni kọkànlá mọ́, nítorí ẹ̀rọ yóò gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ra èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ẹ̀rọ kò sì ní ohun tí yóò fi wé irú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wá ń so àbájáde Turnitin mọ́ ọjà wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Ní 2006, olùkọ́ méjì ní Birmingham, Robert Clarke àti Thomas Lancaster, fún ìwà yìí lórúkọ tí gbogbo ayé ẹ̀kọ́ ń pè é lónìí, wọ́n fi hàn pé ṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ wọn síta fún àgbàṣe gẹ́gẹ́ bí kọngílá ṣe ń gba iṣẹ́ ilé. Ní oṣù kọkànlá 2010, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn Chronicle of Higher Education lábẹ́ orúkọ Ed Dante. Ó ní láàárín ọdún kan òun ti kọ nǹkan bí ojú ewé 5,000, láti orí ìtàn dé orí ìṣirò owó, títí kan àpilẹ̀kọ oyè gíga. Orúkọ rẹ̀ gan-an, Dave Tomar, jáde nígbà tí ó ṣe ìwé lórí rẹ̀ ní 2012.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé wà tún yí padà. Ní 2009, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá gúnlẹ̀ sí etíkun Kẹ́ńyà fún ìgbà àkọ́kọ́, íntánẹ́ẹ̀tì sì yára, ó sì dínwó. Ọ̀dọ́ tó jáde fásitì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí kò sì rí iṣẹ́, kún Nairobi. Láàárín ọdún díẹ̀, ìlú náà di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Ọsirélíà jù láyé. Òru ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nítorí pé ọ̀sán Amẹ́ríkà ni òru Nairobi. Ẹni tó ní àkáǹtì lórí ojúlé tí iṣẹ́ ti ń wá lè fi rẹ́ńtì fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó tà á pátápátá bí ẹni ta ṣọ́ọ̀bù; àkáǹtì tí àwọn oníbàárà ti yìn dáadáa ló máa ń wọ́n jù. Nínú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun san, ìwọ̀nba ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣe òru àìsùn, nítorí pé olójúlé yóò mú tirẹ̀, alákáǹtì yóò sì mú tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patricia Kingori ti Fásitì Oxford, tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà, ti ṣe ìwádìí lórí wọn, fíìmù The Shadow Scholars tó jáde ní 2024 sì tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó dunni jù nínú ìtàn yìí ni pé ọmọ tó mọ ìwé tó láti gboyè lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè gba ìwé àṣẹ wọ orílẹ̀-èdè tí oyè náà wà, ẹni tí kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àyẹyẹ fún.

Ní Rọ́ṣíà, àwọn ọ̀gá ni oníbàárà. Lẹ́yìn tí ìjọba Soviet túká, oyè ọ̀mọ̀wé di ohun ọ̀ṣọ́ fún aṣòfin, gómìnà àti oníṣòwò, ọjà àpilẹ̀kọ sì gbèrú níbẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ìpolówó rẹ̀ han èrò. Ní 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti akọ̀ròyìn kan, lára wọn ni Andrei Rostovtsev, Mikhail Gelfand, Andrei Zayakin àti Sergei Parkhomenko, dá Dissernet sílẹ̀ láti máa fi àpilẹ̀kọ àwọn èèyàn ńlá wé èyí tó wà nílẹ̀. Èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà kò gbàgbé ni ti aṣòfin kan. Dissernet gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí òwò ẹran màlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn lórí òwò ṣokoléètì. Tábìlì kan náà, iye kan náà, ìpín kan náà ló wà nínú méjèèjì. Kìkì pé ṣokoléètì funfun ti di ẹran ilẹ̀ wa, ṣokoléètì oníwàrà ti di ẹran òkè òkun, ṣokoléètì dúdú sì ti di ẹran eléegun. Ní Tehran, olú ìlú Ìránì, òpópónà Enghelab tó wà níwájú fásitì àgbà, níbi tí ilé ìtàwé pọ̀ sí, ni àwọn alágbàtà ti ń pe akẹ́kọ̀ọ́ wá ra àpilẹ̀kọ. Ilé aṣòfin Ìránì ṣe òfin láti fòpin sí i ní 2017.

Ní Nàìjíríà, Fásitì Ibadan bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ọmọ abẹ́ Fásitì London, ó sì dá dúró ní 1962. Lọ́dún yẹn fásitì márùn-ún péré ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Lónìí wọ́n ti ju 200 lọ. Iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì di dandan ní fásitì, ní pólì àti ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Olùkọ́ alábòójútó kan lè ní ogún ọmọ lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún kan, pẹ̀lú kíláàsì tó ń kọ́ àti ìwé ìdánwò tó ń ṣàmì sí. Bí ìyanṣẹ́lódì bá ti jẹ nínú sáà, gbogbo nǹkan yóò di kíákíá, nítorí pé ẹni tí kò bá parí pírójẹ́ẹ̀tì kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú ètò àgùnbánirọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ni ọjà ti yọ. Ní Agbowó tó kọjú sí Fásitì Ibadan, àti ní àyíká fásitì gbogbo, ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tò lọ rẹrẹ: ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ìwé. Nígbà tó jẹ́ tàìpùráítà ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń bá a lọ sílé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ẹ̀dà kan ń jókòó sínú rẹ̀. Òǹtẹ̀wé tó ti tẹ ọgọ́rùn-ún pírójẹ́ẹ̀tì ní àpótí ọjà tí àwọn ará Boston fi owó kó jọ, láì náwó kan lé e. Ọmọ tí ọjọ́ ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wọlé, yóò dárúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn yóò sì ṣí fáìlì fún un.

Bí pírójẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ṣe rí mú kí ó rọrùn láti pààrọ̀ aṣọ fún un. Orí márùn-ún ló sábà máa ń ní: ìfáárà, àyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ọgbọ́n ìwádìí, àbájáde, àti ìparí pẹ̀lú àbá. Àkòrí rẹ̀ yóò sọ ipa tí ohun kan ní lórí ohun mìíràn, yóò sì dárúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n fi bánkì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà wá orúkọ bánkì náà níbi gbogbo kí ó fi ti òmíràn ní Òṣogbo rọ́pò rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí kejì kò nílò ìyípadà rárá. Orí kẹrin, níbi tí iye àwọn tó dáhùn ìwé ìbéèrè wà nínú tábìlì, kò yí padà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà bánkì Òṣogbo yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí ti Ìbàdàn ṣe dáhùn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù wà, wọ́n to àkòrí sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, wọ́n fi orí kìíní hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan ni wọn yóò sì gbà kí wọ́n tó fi orí márààrún ránṣẹ́. Gbólóhùn àwọn ará Boston pé fún ìrànwọ́ ìwádìí nìkan ni wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 1999 lórí ìwà àìtọ́ nínú ìdánwò, gbọ̀ngàn ìdánwò ló dojú kọ jù lọ.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rà. Ìwádìí tí Philip Newton ti Fásitì Swansea tẹ̀ jáde ní 2018, tó kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí láti 1978 jọ, rí i pé láti 2014 síwájú, nǹkan bí ẹnì kan nínú méje tó dáhùn gbà pé àwọn ti sanwó fún ẹni tó bá àwọn ṣe iṣẹ́ rí. Iye yẹn wà lára ohun tó ta ìjọba jí. New Zealand ti ní òfin láti 2011. Ireland ṣe tirẹ̀ ní 2019. Ọsirélíà, níbi tí àwọn ìwé ìròyìn ti tú àṣírí ilé iṣẹ́ MyMaster ní 2014 pé ó ń kọ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì púpọ̀, ṣe òfin ní 2020 tó lè mú oníṣòwò sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní oṣù kẹrin 2022. Olùtajà àti olùpolówó ni àwọn òfin yìí ń mú; ọ̀rọ̀ ẹni tó rà á wà lọ́wọ́ fásitì rẹ̀. Èyí bójú mu, nítorí ọmọ tó rà á ṣì lè yí padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olùtajà lè wà ní ilẹ̀ mìíràn tí ọlọ́pàá Ìlú Ọba kò ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Oṣù méje lẹ́yìn òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé dáhùn ìbéèrè, síta. Ohun tí ọjà ti ń tà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bi kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ sì dín kù fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ní Kẹ́ńyà láti 2023. Ẹ̀rọ náà máa ń hùmọ̀ ìwé ìtọ́kasí tí kò sí níbì kankan, èyí sì burú jù nínú àyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ìtọ́kasí gan-an ni iṣẹ́. Turnitin fi ohun tó ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kún irinṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023. Fásitì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà pa á tì ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò máa fẹ̀sùn kan aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ti jáde fún àwọn òǹkọ̀wé: akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ohun tí ẹ̀rọ kọ wá, òǹkọ̀wé yóò tún un sọ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ènìyàn, yóò sì fi ìwé tó wà lóòótọ́ rọ́pò èyí tí ẹ̀rọ hùmọ̀, ní owó tó kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà nígbà tí àwọn fúnra wọn ń kọ gbogbo rẹ̀.